Táìlì Mẹ́rìnlá

Táìlì kan ni àgbà náà kọ́kọ́ jí.

Kò wú u kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi jí i. Ó rìn dé ìdí kóònù onírọ́bà pupa tí wọ́n gbé sí ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, lápá ẹnu ọ̀nà. Ó yí i po, ó ṣe bí ẹni tí sálúbàtà ń bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó dúró tún un wọ̀, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ sún kóònù náà sínú ní ìwọ̀n táìlì kan. Ó wá ń padà bọ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàdúrà tán.

Ogójì ọdún ló fi wọn ilẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Awọnlẹ̀ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é. Ó mọ̀ pé táìlì náà fẹ̀ ní ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, pé ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ ló di ọgbọ̀n mítà, àti pé ọgbọ̀n mítà géérégé ló gbọ́dọ̀ wà láàárín kóònù méjèèjì. Òfin ìdánwò ni. Aláìsàn á máa rìn láti ìdí kóònù kan dé ìdí èkejì fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n á ka iye ìgbà tó rìn ín, wọ́n á sọ ọ́ di mítà. Bí èèyàn bá wá ń dín ọ̀nà náà kù ní táìlì kan lóòjọ́, ta ni yóò mọ̀?

Ohun tó sọ àgbàlagbà di olè kì í ṣe kékeré.

Ẹ̀jẹ̀ ló ti dì sínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ó gan mọ́ ibẹ̀ bí ìpẹtà inú páìpù. Ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ, ẹ̀jẹ̀ kò rí ọ̀nà. Àwọn dókítà là á láyà, wọ́n fi wákàtí mẹ́jọ yọ ohun tó dì náà. Iṣẹ́ wọn dára. Àmọ́ ìfúnpá inú ẹ̀dọ̀fóró kọ̀, kò wálẹ̀, ó sì ti rẹ ọkàn. Ni wọ́n bá so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ọ̀pá kan tó nípọn tó àtàǹpàkò wọlé síbi itan rẹ̀, òmíràn wọlé sí ọrùn. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń jáde ní dúdú, ẹ̀rọ ń fi ọ́síjìn sí i, ó ń padà wọlé ní pupa. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ẹ̀rọ yẹn fi bá a ṣe iṣẹ́ ọkàn, tó tún bá a ṣe iṣẹ́ ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tó lajú, wọ́n ti yọ ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀. Ti afẹ́fẹ́ ló kù, ó gba ihò kan wọ ọ̀fun rẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé pátákó àti gègé lé e lọ́wọ́. Gbogbo wọn pagbo yí i ká, wọ́n ń retí. Bóyá yóò bèèrè ìyàwó rẹ̀. Bóyá yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó kọ ọ́ gbágungbàgun: "Ọ̀pá yìí gùn tó mítà mélòó?"

Nọ́ọ̀sì náà wo dókítà. Ó ní, "Bàbá ti dé."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fà á lé ọmọbìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan lọ́wọ́, ẹni tó ń kọ́ àwọn aláìsàn ní ìjókòó, ìdúró àti ìrìn padà. Aago ìṣẹ́jú wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé wà lápò rẹ̀. Àgbà náà ló sọ ọ́ ní Ọ̀gá Ìrìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, èèyàn mẹ́ta ló dì í mú. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá dúró, ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni.

Ó ní, "Méjìlá ni."

"Mọ́kànlá ni, Bàbá. Aago kò mọ bàbá ẹnì kankan."

Nígbà tó wá ń rìn, yóò rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà nígbà mẹ́rin, yóò dúró. "Ó tó. Mítà yìí ti pọ̀ jù." Bó ṣe ń sọ lójoojúmọ́ nìyẹn. Ọ̀gá Ìrìn á bẹ̀ ẹ́, á pè é ní ọkọ òun, á pè é ní ọmọ akin. Ó ti jókòó.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni dókítà àgbà wá sọ ọ̀rọ̀ náà létí bẹ́ẹ̀dì. Àkọ́bí àgbà náà, obìnrin, wà níbẹ̀.

Dókítà ní, "Bàbá, àjà kẹta ni ilé yín wà. Bí ẹ bá lè rin ọ̀ọ́dúnrún mítà ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, tí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ yín kò sì wá sísàlẹ̀ méjìdínláàádọ́rùn-ún, ẹ ó gun àtẹ̀gùn yín lọ ilé. Bí kò bá ṣeé ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ yín."

Ọmọ náà ní, "Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ń gbé, Bàbá. Ẹ ò ní í gun nǹkan kan."

Àgbà náà yíjú sí ògiri. Ó ń ka àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ lọ́kàn. Méjìdínlógún dé àjà kìíní, méjìdínlógún dé èkejì, méjìdínlógún dé ẹ̀kẹta. Mẹ́rìnléláàádọ́ta. Ìyàwó rẹ̀ wà lókè ibẹ̀. Orúnkún ìyàwó náà sì ti kọ àtẹ̀gùn láti ọdún kan àbọ̀. Nínú ilé ó ń rìn, ó ń pàṣẹ. Sísọ̀kalẹ̀ ni kò ṣeé dábàá. Bí ọkọ kò bá lè gòkè, tí aya kò lè sọ̀kalẹ̀, kí ló kù bí kò ṣe fóònù? Fóònù náà ni wọ́n sì ti ń fi ṣe tọkọtaya láti ọjọ́ tó ti wọ ilé ìwòsàn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó pè é.

"Ẹ rìn lónìí?"

"Mo rìn."

"Mélòó?"

"Ó pọ̀."

"Ó pọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu yàrá wa fi ìka méjì wọ́."

Ó gbé fóònù sí etí kejì.

Ìyàwó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má jẹ́ kí n fẹ́ fóònù lọ́kọ o. Fóònù kò mọ̀ ọ́n hanrun. Oorun ò kùn mí mọ́."

Ọjọ́ kejì ló jí táìlì kìíní.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀: Télọ̀, tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń yọ òun náà lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò yọ ẹnu rẹ̀ lẹ́nu rárá. Téèpù ìwọnṣọ kò kúrò lọ́rùn rẹ̀, ọ̀pá ọ́síjìn wà nímú rẹ̀, méjèèjì máa ń lọ́ mọ́ra. Ojú ọ̀nà ló máa ń jókòó sí lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Bí Ọ̀gá Ìrìn bá gbójú sókè nínú ìwé rẹ̀, Télọ̀ á húkọ́. Bí ó bá dorí kodò, Télọ̀ á dákẹ́. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kóònù ń rìn.

Télọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá mú yín ńkọ́?"

"Kí ni wọ́n á fi mú mi? Ẹni tó ń nu ilẹ̀ ń gbé kóònù, ó ń nu abẹ́ rẹ̀, ó ń dá a padà síbi tó ti bá a. Òun gan-an ni ẹlẹ́rìí mi."

"Àbí ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Àgbà náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sọ ìtàn kan fún un. Ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan wà rí, nínú pápá kan, tí wọ́n ní kó wá àmì kan tó hàn kedere láti ọ̀ọ́kán, kó máa fi wọn ilẹ̀. Ọmọ náà rí màlúù funfun kan. Ó fi ṣe àmì. Ó wọ̀n títí di ọ̀sán. Màlúù ń jẹko lọ. Ìgbà tí wọ́n ya ilẹ̀ náà sórí ìwé, ó wọnú odò.

Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí rẹ̀ fi pariwo, tí nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

Àgbà náà ní, "Ohun tí mo fi ń kọ́ wọn nìyẹn. Má ṣe fi ohun tó lẹ́sẹ̀ ṣe àmì. Má sì gbẹ́kẹ̀ lé èèkàn tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló kàn án."

Táìlì kejì. Táìlì kẹta. Ìwà rẹ̀ yí padà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti wọ sálúbàtà. Bí Ọ̀gá Ìrìn bá pẹ́, á ránṣẹ́ pè é. Olè kì í pa ọjọ́ iṣẹ́ jẹ. Ó rin ìgbà márùn-ún, ó rin mẹ́fà. Ní ọ̀sán, á tún bèèrè pé ṣé kò sí ìrìn mìíràn.

Lápá fèrèsé, níbi kóònù kejì, àga onígi kan wà fún ẹni tó bá rẹ̀. Àgbà náà kì í jókòó lé e mọ́, nítorí ìgbéraga. Ó kàn ń fi í mọ ibi tí yóò ti yí padà, nítorí oòrùn tó ń wọlé níbẹ̀ máa ń ṣe ojú rẹ̀ bàìbàì.

Ọ̀gá Ìrìn á fi nǹkan há a níka tó ń ka ọ́síjìn. Á bi í pé, "Láti orí òdo dé mẹ́wàá, mímí ń ni yín lára tó mélòó?"

Àgbà náà á la ẹnu sílẹ̀ bí ẹja orí ilẹ̀. "Méjì."

Ọ̀gá Ìrìn á kọ mẹ́fà.

Ohun kan ló ń ṣe é ní kàyéfì. Ọ̀nà ń kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mọ̀. Ibi tí táìlì mẹ́wàá ti lọ, ó yẹ kí ara fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Ó kà á sí ọjọ́ ogbó.

Ọjọ́ kẹrìnlá ni ìdánwò. Dókítà àgbà fúnra rẹ̀ wá dúró. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni àgbà náà sún kóònù lọ sí táìlì kẹrìnlá, níṣojú dókítà, ó ń bọ́ sálúbàtà, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ayé. Télọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ikọ́ mì.

Aago bẹ̀rẹ̀. Ó rìn. Kò wo ẹnì kankan. Ìgbà kẹrin, tó ti máa ń jókòó tẹ́lẹ̀, kọjá bí ilé àna tí èèyàn kò fẹ́ yà. Ìgbà keje, òógùn bò ó. Ìgbà kẹsàn-án, etí rẹ̀ ń hó. Ìgbà kẹwàá pé, ó tún gbé ẹsẹ̀ díẹ̀ lé e kí aago tó ké.

Ọ̀gá Ìrìn ní, "Ọ̀ọ́dúnrún mítà ó lé mẹ́fà. Ọ́síjìn, ọ̀kàndínláàádọ́rùn-ún."

Dókítà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. "Ọ̀la, ilé."

Àwọn nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Télọ̀ pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ. Àgbà náà jókòó, kò rẹ́rìn-ín. Ó ń yọ táìlì mẹ́rìnlá kúrò nínú ìgbà mẹ́wàá, lọ́kàn. Igba mítà ó lé mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Iye tó rìn gan-an nìyẹn. Kò tó.

Oúnjẹ ọ̀sán dé, kò jẹ ẹ́.

Télọ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó yege kì í fajú ro."

"Àtẹ̀gùn kì í ṣe dókítà," ni àgbà náà wí.

"Báwo?"

"N ó dé àárín méjì. Èémí á tán. N kò ní í lè gòkè, n kò ní í lè sọ̀kalẹ̀. Ojú ìyàwó mi ni n ó kú sí, á máa wò mí látòkè."

Télọ̀ bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ń ká a. Ìyẹn ṣọ̀wọ́n.

Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn."

"N ó sọ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ́wọ́ irọ́, ó yẹ kó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Yá mi ní téèpù rẹ."

Nígbà tí gbogbo èèyàn wà níbi oúnjẹ, àwọn àgbàlagbà méjì jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀kan lórí kẹ̀kẹ́, ọ̀kan lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, okùn ọ́síjìn nímú Télọ̀. Wọn kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé téèpù lé irin ìdìmú tó wà lára ògiri. Mítà kan àbọ̀ ni téèpù náà. Níbi tó bá parí, Télọ̀ á fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà, wọ́n á tún un nà.

Télọ̀ ní, "Ṣé ṣòkòtò la fẹ́ rán fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni? Ẹ jẹ́ ká fi àyè sílẹ̀ níbàdí."

"Kà á."

Wọ́n kà á láti ìdí kóònù ẹnu ọ̀nà dé ìdí kóònù fèrèsé. Ogún téèpù.

Àgbà náà dúró. Ogún lọ́nà mítà kan àbọ̀, ọgbọ̀n mítà ni.

"O ṣì í kà."

"Èmi? Èmi tí mo ti wọn ìbàdí àwọn ìyá ìyàwó?"

Wọ́n tún un wọ̀n láti fèrèsé padà sí ẹnu ọ̀nà. Ogún. Kò lé, kò dín. Àgbà náà di irin mú. Ogójì ọdún lẹ́nu iṣẹ́, kò rí irú èyí rí: ilẹ̀ tí wọ́n jí mítà mẹ́rin ó lé díẹ̀ nínú rẹ̀ tí kò dín.

Ohùn kan dún lẹ́yìn wọn, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ọ̀gá Ìrìn ni. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ń wo ìlà ṣọ́ọ̀kì tó tò lára ògiri. Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù.

Àgbà náà kò wá ọ̀rọ̀ yí. "Mo sún kóònù. Táìlì mẹ́rìnlá. N kò yege."

"Mo mọ̀ pé ẹ sún un."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ kìíní." Ó rìn lọ sídìí fèrèsé, ó gbé àga onígi kúrò. Lára ògiri nísàlẹ̀, láti ibi àga padà sẹ́yìn, pẹ́ńsù ti fa ìlà kéékèèké mẹ́rìnlá, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, táìlì kan láàárín wọn. "Lójoojúmọ́, bí ẹ bá ti sún tiyín wọlé ní táìlì kan, èmi á sún tèmi jáde ní táìlì kan. Lónìí, bí ẹ ṣe ń bẹ dókítà nítorí sálúbàtà, èmi náà wà níbí. Ọ̀nà kò kúrú rí, Bàbá. Ó kàn ń ṣí lọ ni."

"N ó ti rí i."

"Ẹ ò bá rí i. Ṣùgbọ́n àga ni ẹ ń wò. Mo sì ń gbé àga tẹ̀ lé kóònù."

Télọ̀ pariwo, "Màlúù!" Ó fi ọwọ́ lu itan. "Ẹ̀gbọ́n, màlúù nìyẹn! Ẹ ti wọnú odò!"

Àgbà náà wo àga. Ó wo ìlà mẹ́rìnlá. Èèkàn tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kàn án. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ó ní, "Kí ló dé tí o kò mú mi?"

"Nígbà tí ẹ kò jalè, ìgbà mẹ́rin lẹ ń rìn. Nígbà tí ẹ ń jalè, ẹ ń pè mí kí n tó jẹun àárọ̀. Ta ni mí tí n ó fi ba iṣẹ́ yín jẹ́? Ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́fà lẹ rìn. Pípé."

Àgbà náà fi ìka tọ ìlà pẹ́ńsù náà. "Ojú rẹ mú. Ta ló kọ́ ẹ?"

Ọ̀gá Ìrìn fẹ́ gbé ẹ̀rín mì, ó tú jáde. "Màmá wa, ìyàwó yín, ló pè mí lórí fóònù, lọ́jọ́ tí dókítà fún yín ní ọ̀ọ́dúnrún; láti ìgbà náà ni mo ti ń ròyìn yín fún wọn. Wọ́n ní ẹni tó bá ń bá yín rìn, kó máa wo ẹsẹ̀ yín, kó má wo ojú yín. Wọ́n ní ojú yín kò ní nǹkan kan tó ń sọ."

Ìrọ̀lẹ́ yẹn, àgbà náà jẹun méjì.

Ọjọ́ kejì, ó dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀. Àkọ́bí rẹ̀ gbé báàgì ọ́síjìn kékeré tẹ̀ lé e. Ìlànà Ọ̀gá Ìrìn wà nínú ìwé: mẹ́fà, dúró, mí, mẹ́fà mìíràn. Ohùn ìyàwó rẹ̀ ti ń bọ̀ látòkè.

"Ta ló ń mí bí ọkọ̀ ojú irin nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ó ń kà. Mẹ́fà. Méjìlá. Méjìdínlógún. Àjà kìíní. Ọmọ rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ jókòó díẹ̀." Kò jókòó. Ó dúró, ó fọn afẹ́fẹ́ jáde lẹ́nu bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ máa bọ̀ o! Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n sún kóònù, ẹ sún ara yín wá!"

Ọgbọ̀n. Mẹ́rìndínlógójì. Àjà kejì. Àyà rẹ̀ ń lù bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Ó mí. Ó gbé ẹsẹ̀. Méjìlélógójì. Ó dorí kodò, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nìkan ló ń wò. Méjìdínláàádọ́ta. Ó dúró, ó pẹ́. Àádọ́ta. Mọ́kànléláàádọ́ta. Méjìléláàádọ́ta.

Ó rí sálúbàtà obìnrin níwájú rẹ̀. Ọwọ́ kan dì í lápá.

Ó ní, "Àtẹ̀gùn yìí dín méjì."

"Ìwọ̀n yín ló bàjẹ́ nílé ìwòsàn."

Ó gbórí sókè. Lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀, àtẹ̀gùn méjì ṣì wà lókè. Àga ìyàwó náà wà lórí ibẹ̀, òfìfo. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń gbọ̀n lábẹ́ aṣọ. Ó fi ọwọ́ kejì di irin mú débi pé ìka rẹ̀ funfun.

Àgbà náà wò ó. Ó wo àtẹ̀gùn méjì náà. Ó tún wò ó.

"Ta ló sún èèkàn?"

"Èèkàn ló sún ara rẹ̀."

"Ìwọ náà olè ni."

"Ta ni mo fẹ́?"

Ó wá kù báyìí. Èémí ọkọ ti tán. Orúnkún aya kò gbọ́ràn mọ́, ì báà ṣe lọ sókè, ì báà ṣe lọ sísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì rọra jókòó pa pọ̀ sórí àtẹ̀gùn náà, èjìká sí èjìká, wọ́n dí ọ̀nà pátápátá.

Nísàlẹ̀ wọn, ọmọ wọn dúró tòun ti báàgì. "Bàbá, Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọjá kí n lọ ṣí ilẹ̀kùn."

Àgbà náà gbé ọwọ́ kan sókè láì wò ó.

"Dúró ná. A ń wọn ilẹ̀."